Oòrùn Àárọ̀ Oṣù Keje ní Ṣábẹ: Ohun Tí Mo Ti Kọ́ Nípa Ojú Ọjọ́ àti Ètò Iná

Bí mo bá sọ fún àwọn èèyàn wa pé iṣẹ́ mi ni láti wádìí ewu tí ojú ọjọ́ lè fà fún ètò iná oòrùn àti iná omi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Oòrùn kẹ̀? Ṣé oòrùn ló wọ́n wa níhìn-ín?" Mi ò kí ń bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ṣábẹ lọ sí Kétu ní oṣù kejì, tí ilẹ̀ pupa ń jó o lẹ́sẹ̀, kò ní gbà pé oòrùn lè wọ́n ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà padà wá ní oṣù keje, kó dúró sí ẹ̀bá àwọn òkè Ṣábẹ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó gbójú sókè. Ìkùukùu ni yóò rí, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bo gbogbo ojú ọ̀run, tó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn á rò pé orí òkè fẹ́ kàn án. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá la ìkùukùu náà kọjá nìkan ni sólà tó wà nísàlẹ̀ lè fi ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ṣábẹ ni mí. Yunifásítì Abomey-Calavi ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ọjọ́, Àjàṣẹ́ tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo ni mò ń gbé báyìí, àmọ́ agbègbè Ṣábẹ àti Kétu ni mo ti ń ṣe ìwádìí mi. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ìpinnu ńlá ń lọ lórí ọ̀rọ̀ iná ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, owó ńlá sì ń wọlé sí i. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ìyẹn àwọn àgbẹ̀, àwọn agbẹ̀bí, àwọn tó ń fa omi kànga fún abúlé, kì í sí nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpinnu náà. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ibi tí iná wa ti ń bọ̀. Ní ọdún 1965 ni wọ́n parí dáàmù Akosombo lórí odò Volta ní Gáná. Ní 1968, Tógò àti Dahomey, bí orílẹ̀-èdè wa ṣe ń jẹ́ nígbà náà, fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi dá iléeṣẹ́ CEB sílẹ̀, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jọ máa ra iná, kí wọ́n sì jọ máa pín in. Nígbà tó di 1987, wọ́n parí dáàmù Nangbéto lórí odò Mono ní Tógò, mẹ́gáwáàtì 65, ìyẹn mílíọ̀nù wáàtì 65, ni agbára rẹ̀. Omi ló ń gbé púpọ̀ nínú iná wa wá nígbà yẹn, omi òkèèrè sì ni. Ní 1998, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2006 wọ 2007, omi adágún Akosombo fà gidigidi. Iná ò tó Gáná fúnra rẹ̀, èyí tó ń tà fún wa sì dín kù. Nínú ọ̀dá kejì yẹn, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà. Àtùpà elépo la fi ń kàwé ìdánwò, gbogbo èèyàn ń bú àwọn tó ń pín iná, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé odò Volta ń gba òjò Bùrùkínà Fasò kó tó dé Gáná, àti pé òjò tí kò rọ̀ dáadáa lọ́hùn-ún lè pa iná lójú wa ní Ṣábẹ.

Ọdún 2007 yẹn náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà iná ńlá onífóólìtì ẹgbẹ̀rún lọ́nà 330 tó gbéra láti Ìkẹjà wá sí Ṣakẹ́tẹ́. Ní 2019, ilé iṣẹ́ iná Maria-Gléta, tó ní mẹ́gáwáàtì 127, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítòsí Kútọnu, epo àti gáàsì ló sì ń lò. Ní 2022, wọ́n ṣí pápá sólà Illoulofin ní Pòbẹ́, mẹ́gáwáàtì 25. Inú mi dùn sí ti Illoulofin ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí pé ní ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n gbé e sí, láàárín àwọn tó ń sọ èdè wa, oòrùn tó ń ràn lórí wa ló sì ń lò. Àmọ́ ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé iná wa kò tíì fìgbà kan bọ́ lọ́wọ́ ojú ọjọ́. Tẹ́lẹ̀, òjò tí kò rọ̀ là ń bẹ̀rù. Ní báyìí, a ti fi ìkùukùu àti ọyẹ́ kún un.

Ìkùukùu yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti láti ilẹ̀ wa kó ẹ̀rọ wá sí ibùdó mẹ́ta: Kumasi ní Gáná, Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà, àti Ṣábẹ wa. DACCIWA ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló sì náwó sí i. Wọ́n ń ju bàlúùnù tó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú òfuurufú tọ̀sán-tòru, wọ́n ń fi ìtànṣán lésà wo bí ìkùukùu ṣe ga sí, wọ́n ń wọn iye oòrùn tó ń dé ilẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ Ṣábẹ ni mo ti rí ohun tí mo ti ń fojú rí láti kékeré, tí mi ò mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tó gbóná sì ń gbéra lọ sókè. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilẹ̀ lọ. Ṣábẹ jìnnà sí òkun tó bí kìlómítà 185, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ náà ń dé ibẹ̀ lálẹ́. Lóru, ìjì kan tó ń yára lọ ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan mítà sókè ilẹ̀ á máa gbé ọ̀tútù náà wá láìdáwọ́ dúró, títí afẹ́fẹ́ yóò fi tutù débi tí kò fi ní lè gba gbogbo ọ̀rinrin inú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rinrin yẹn ló ń di ìkùukùu, lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá rí àyè kọjá ni yóò máa gbóná ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, ìkùukùu á ga sí i, á wá máa ya. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀sán gangan ló máa ń ya. Lọ́jọ́ mìíràn, ó di aago méjì tàbí mẹ́ta, òjò ìrọ̀lẹ́ ò sì ní pẹ́ kó jọ.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ sólà lè sọ pé kí ló kàn án nínú ìyẹn. Ohun tó kàn án ni pé àwọn ìṣirò kọ̀ǹpútà ńláńlá tí gbogbo ayé fi ń wo ọjọ́ iwájú ojú ọjọ́ kì í rí irú ìkùukùu ilẹ̀ yìí dáadáa ní agbègbè wa. Wọ́n máa ń fún wa ní ìkùukùu tó kéré ju èyí tó wà lọ, oòrùn tí wọ́n ń kà fún ilẹ̀ wa sì máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìgbà òjò. Sátẹ́láìtì náà ní ìṣòro tirẹ̀, torí pé láti òkè ló ti ń wò, ìkùukùu gíga á sì máa bo ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì ní ìlú òyìnbó, tó ṣí àwòrán oòrùn orílẹ̀-èdè wa, á rí àwọ̀ pupa àti ofeefee tó lẹ́wà, á sì kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé Ṣábẹ ní oòrùn tó pọ̀. Òótọ́ ló kọ, bó bá jẹ́ gbogbo ọdún lápapọ̀ ló ń wí.

Ìyá kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè tó ń ta èlùbọ́. Gbogbo ẹni tó mọ Ṣábẹ mọ èlùbọ́ wa, iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ díẹ̀, tí wọ́n sì sá títí tó fi gbẹ kókókó. Ní oṣù kẹfà ọdún kan, mo lọ kí wọn, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mi ò rí iṣu tí ẹ sá." Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ò pé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń sá iṣu nísinsìnyí? Ìgbà ọyẹ́ là ń sá iṣu. Bí o bá sá a lónìí, oòrùn ò ní yọjú títí àwọn ọmọ ilé-ìwé á fi máa bọ̀ wá jẹun ọ̀sán. Bó bá wá yọjú tán, òjò á dé. Yóò bu ni." Mo béèrè bóyá bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé bí ìyá tó bí wọn ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn. Mo délé, mo ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, mo fi ìlà tí ẹ̀rọ fi ń ṣàfihàn ìwọ̀n oòrùn oṣù kẹfà síwájú mi. Láti àárọ̀ ni ìlà náà ti ń fà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bó ṣe di nǹkan bí aago méjìlá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Aago méjìlá ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń lọ sílé lọ jẹun.

Láti ìgbà yẹn, ibikíbi tí mo bá dé, àwọn obìnrin tó ń sá nǹkan ni mo kọ́kọ́ ń wá: èyí tó ń sá ata, èyí tó ń sá ẹ̀gẹ́, èyí tó ń sá kájú. Mo ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra kan náà tí mo fi ń kọ nọ́ńbà tó ti inú ẹ̀rọ wá. Ibùdó ńlá tó ń wọn ojú ọjọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè wa kò ju mẹ́fà lọ: Kútọnu, Bohicon, Ṣábẹ, Parakou, Natitingou àti Kandi. Láàárín ibùdó kan sí èkejì, ojú àwọn obìnrin yìí ni a ní.

Mo ti rí ohun tí ìkùukùu yìí lè dá sílẹ̀ bí ẹni tó ṣètò ò bá kà á sí. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní abúlé kan láàárín Ṣábẹ àti Kétu. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó gbé sólà wá síbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n gbé e wá. Ìlù dún, àwọn àgbà wúre, iná sì tàn bí ọ̀sán. Fún oṣù mélòó kan, ayọ̀ ni. Òjò wá dé. Bátìrì ò kún mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó yẹ kó wà láàárín ìwọ̀n ọ̀tútù sẹ́ńtígíréèdì 2 sí 8 nígbà gbogbo, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní ìdájí. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé, "Tàntí, ní oṣù kejì a ń fi iná yìí wo tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù keje, iná fóònù ni mo fi ń gbẹ̀bí." Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé ìṣirò tí wọ́n fi ṣètò ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo rí i, ìpíndọ́gba oòrùn ọdún kan ni wọ́n lò. Ẹni tó bá jẹun lẹ́ẹ̀mẹfà lónìí, tí kò rí oúnjẹ kankan lọ́la, ìpíndọ́gba rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, síbẹ̀ ebi pa á. Ní oṣù kejì, pánẹ́ẹ̀lì ilé ìwòsàn yẹn ń rí oòrùn ju èyí tí bátìrì lè gbà lọ, ìyókù ń ṣòfò. Ní oṣù keje, kò rí tó. Oṣù kejì ò lè yá oṣù keje ní oòrùn rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún wọn kò ṣòro, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra sólà gbọ́ ọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín pé oṣù wo ló fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ oṣù tí oòrùn ti kéré jù, ẹ ní kó padà lọ ṣe é. Ẹ bi í pé bí oòrùn ò bá yọ dáadáa fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ṣé bátìrì á gbé e. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, irú fíríìjì kan wà tí kò nílò bátìrì rárá, tó ń fi oòrùn ọ̀sán dì yìnyín pa mọ́, tí yìnyín náà á sì máa gbé ọ̀tútù rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Irú rẹ̀ ló yẹ ilé ìwòsàn abúlé. Iṣẹ́ tó ń jẹ iná púpọ̀, bíi kí wọ́n sè àwọn irinṣẹ́ abẹ nínú ẹ̀rọ tàbí kí wọ́n fa omi sínú táńkì, kí wọ́n má ṣe é ní àárọ̀ ìgbà òjò. Kí wọ́n dúró di ìgbà tí ojú ọ̀run bá là. Agbẹ̀bí náà yí àkókò iṣẹ́ wọn padà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún fi pánẹ́ẹ̀lì kún un. Ó tó wọn báyìí, ọkàn mi sì balẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé obìnrin kan bímọ níbẹ̀ lóru.

Ní Kétu, ọyẹ́ ni mo lọ bá. Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn níbẹ̀, gbogbo ọmọ Kétu ló sì mọ bí ìyá àgbà ṣe ń gbẹ́ kòtò ńlá láti gba omi òjò pa mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ sólà tó ń fa omi kànga fi ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wọn ju ibi púpọ̀ lọ. Ní oṣù kìíní, mo dé ibi ẹ̀rọ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu. Ọmọkùnrin tó ń mójú tó o sọ pé omi ń jáde, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kí táńkì tó kún. Mo fi ìka kan fa ìlà sórí pánẹ́ẹ̀lì. Eruku náà dà bí ìyẹ̀fun, eérú pọ̀ mọ́ pupa, ó nípọn débi pé ẹsẹ̀ aláǹgbá hàn lórí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. A pọn omi sínú garawa, a fi aṣọ rírọ̀ nu ìlà pánẹ́ẹ̀lì kan, a fi èyí tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo so ẹ̀rọ tó ń ka iná mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin náà wo nọ́ńbà èkíní, ó wo èkejì, kò sọ nǹkan kan, ó gbé garawa, ó lọ pọn omi mìíràn.

Ẹ nù ún ní àárọ̀ kùtù nígbà tí ó ṣì tutù. Ẹ má da omi tútù sórí gíláàsì tó ti gbóná lọ́sàn-án, ó lè ya. Ohun mìíràn tó jọ mọ́ èyí ni ooru. Agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ìwọ̀n ìgbóná sẹ́ńtígíréèdì 25. Ní Kétu, lọ́sàn-án oṣù kẹta, pánẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé 65. Fún sẹ́ńtígíréèdì kọ̀ọ̀kan tó bá lé ní 25, pánẹ́ẹ̀lì tó wọ́pọ̀ ń pàdánù nǹkan bí 0.4 nínú 100 agbára rẹ̀. Ẹ ṣírò ó: ó tó 16 nínú 100 tó lọ bẹ́ẹ̀, ní wákàtí tí èèyàn rò pé ó yẹ kí iná pọ̀ jù lọ. Bí ayé bá sì tún ń gbóná sí i, àdánù náà á máa lé sí i. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù orí ilé.

Ọ̀rọ̀ odò ló tẹ̀ lé e, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Odò Wémè, tí wọ́n ń kọ ní Ouémé, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 510. Láti àríwá ló ti ń ṣàn bọ̀, ó kọjá nítòsí Ṣábẹ, ó gba ilẹ̀ Kétu, ó dé Bonou, Adjohoun àti Dangbo, kó tó wọ adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń wéwèé láti kọ́ dáàmù sórí rẹ̀ ní Dogo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kétu. Mẹ́gáwáàtì 128 ni ètò náà sọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Nangbéto. Nọ́ńbà yẹn máa ń wú àwọn èèyàn lórí. Èmi náà fẹ́ iná o. Àmọ́ mo ti lọ wo odò náà ní oṣù kejì àti ìkẹta ní Ṣábẹ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ibi jíjìn inú rẹ̀ nìkan ló ṣì ní omi, tí ìyókù sì jẹ́ àpáta àti iyanrìn. Mo tún ti rí i ní oṣù kẹsàn-án, tó ń ru gùdù.

Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, òjò agbègbè wa dín kù sí ti 1950 àti 1960. Àmọ́ ìwọ̀n tí omi odò Wémè fi dín kù tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí òjò fi dín kù. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ àti igi ló ń kọ́kọ́ mu nínú òjò, oòrùn náà á gba tirẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni odò ń rí gbé. Bí òjò bá dín díẹ̀, ilẹ̀, igi àti oòrùn ò ní dín tiwọn kù, odò ni yóò fara gbá gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò dáàmù pé bí òjò bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, iná náà á dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ti ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí mo lọ sí ẹ̀bá igbó Dogo, bàbá àgbẹ̀ kan bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí nínú ìwé ètò kankan. Wọ́n ní, "Ṣé o rántí ọ̀dá ọdún tí Nàìjíríà lé àwọn àjèjì? Ìwọ ò lè rántí, wọn ò tíì bí ọ. Igbó ń jó níbi gbogbo, àwọn ọmọ wa ń ti Èkó dé lọ́wọ́ òfo, kò sóúnjẹ. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, tí dáàmù yín ti wà níbẹ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ gba omi, ẹ̀rọ iná ni àbí àwa?" Ọdún 1983 ni wọ́n ń wí. Mo gbé ìbéèrè náà dé ibi tí àwọn tó ń ṣètò wà, mo sì ń gbé e lọ títí di òní, torí pé dáàmù tí kò bá ní ìdáhùn sí i lọ́wọ́ kò tíì ṣetán.

Àpọ̀jù omi náà ń bẹ. Ní 2010, omíyalé bo ìjọba ìbílẹ̀ 55 nínú 77 tí a ní, èèyàn tó lé ní 600,000 ló kàn. Gbogbo àfonífojì Wémè ló di omi. Ìròyìn IPCC, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń ṣàgbéyẹ̀wò ìmọ̀ nípa ìyípadà ojú ọjọ́, ti ọdún 2021 sọ pé ayé ti gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ ní nǹkan bíi sẹ́ńtígíréèdì 1.1. Sẹ́ńtígíréèdì kan tí afẹ́fẹ́ bá fi gbóná sí i, ọ̀rinrin tó lè gbé á fi nǹkan bí 7 nínú 100 pọ̀ sí i, òjò tó bá wá rọ̀ á sì le. Ní ti iye òjò ọdún kan lápapọ̀ ní agbègbè wa, àwọn ìṣirò kọ̀ǹpútà kò fẹnu kò: àwọn kan ní yóò pọ̀ sí i, àwọn kan ní yóò dín kù. Ẹni tó bá kọ́ dáàmù lórí ìdáhùn kan ṣoṣo ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú owó aráàlú.

Ohun tó mú inú mi dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí wá láti inú bí mo ṣe tẹ́ odò àti oòrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oṣù dé oṣù. Ìgbà tí ìkùukùu ń bo sólà lójú ni odò ń kún bọ̀. Ìgbà tí odò bá fà, tí ẹ̀rọ dáàmù ò lè yí dáadáa, ni ojú ọ̀run ń là, tí sólà ń ṣiṣẹ́ jù, bí a bá ti rí i nù lọ́wọ́ eruku ọyẹ́. Àìní èkíní ni ànító èkejì. Oṣù tó ń dẹ́rù bà mí ni ìparí oṣù kẹta wọ ìkẹrin tí òjò àkọ́rọ̀ bá pẹ́: odò ò tíì kún, ooru ti dé góńgó, gbogbo ilé ló tan fáànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù kẹfà, nígbà tí ìkùukùu ti dé, tí omi ò sì tíì pọ̀ tó nínú odò. Àárín yẹn ló yẹ kí a fi bátìrì àti iná tí a ń rà ṣọ́. Gbogbo ìyókù ọdún, oòrùn àti omi lè ran ara wọn lọ́wọ́, bí a bá ṣètò wọn pọ̀. Àwọn tó ń ṣe ti sólà wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń ṣe ti dáàmù wà lọ́tọ̀, wọn kì í sì í sábà jókòó pọ̀.

Bí mo bá dé ìpàdé ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́, nọ́ńbà kan ni wọ́n máa ń fẹ́ kí n fún wọn. Mẹ́gáwáàtì mélòó? Oòrùn mélòó lọ́dún? Mo ti kọ̀ láti máa fún wọn ní nọ́ńbà kan. Tábìlì kan ni mò ń gbé wá: oṣù méjìlá lórí, wákàtí ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, iye ìgbà nínú ọdún mẹ́wàá tí iná ò ní tó. Àwọn kan ń bínú pé ó ti gùn jù. Àmọ́ ní ọjọ́ tí mo gbé e lọ sí ìpàdé abúlé, tí mo ṣàlàyé rẹ̀ lédè wa, àwọn àgbẹ̀ kò gbà pé ó gùn. Wọ́n ti mọ ìwé oṣù àti wákàtí. Òun ni wọ́n fi ń gbin àgbàdo. Obìnrin kan tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fi ìka sí oṣù kẹfà, aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ní, "Ibí yìí ni mo ti ń ra epo kpayo." Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, là ń pè ní kpayo; òun ló fi ń yí ẹ̀rọ nígbà tí sólà ò bá tó. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kpayo ti wọ́n gógó, nítorí náà àpótí tí obìnrin yẹn fọwọ́ kàn kì í ṣe eré. Owó ilé-ìwé ọmọ ló wà níbẹ̀. Ó pinnu pé láti ọ̀sán lòun yóò máa lọ ẹ̀gẹ́ ní oṣù yẹn, kí àwọn oníbàárà máa gbé e wá ní àárọ̀ kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi báyìí ni Kétu. Ṣábẹ ní ibùdó ojú ọjọ́ àti àkọsílẹ̀ ọdún 2016, Kétu kò ní irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ Kétu ni wọ́n fẹ́ gbé dáàmù sí, ọ̀dọ̀ Kétu àti Pòbẹ́ sì ni wọ́n ń wo ilẹ̀ fún sólà. A ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn oòrùn sí ọgbà ilé-ìwé kan níbẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì máa nu ojú rẹ̀ láràárọ̀ tí wọn yóò máa ka á. Mo ti há ìwé àkọsílẹ̀ fún àwọn tó ní sólà lágbègbè náà, kí wọ́n máa kọ aago tí bátìrì wọn kún sílẹ̀ lójoojúmọ́ láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá wà ní Kétu, Ìmẹ̀kọ tàbí Pòbẹ́, tó ní sólà nílé, tó sì lè máa kọ ọ́, kó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́, aago tí ìkùukùu ya, aago tí bátìrì kún: ohun mẹ́ta yẹn ti tó.